Àpò Awọ Tí A Rán fún Ọkọ Ìyàwó ní Aberdeen

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kò jọ èyí tí a sábà máa ń kọ sí ojú ewé yìí. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú ni, ọ̀rọ̀ awọ ewúrẹ́ àti awọ màlúù, ọ̀rọ̀ bí bàbá àti ọmọ ṣe lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ Sátidé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán àpò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí ewé yìí kọjá, ẹ jẹ́ kí a sọ fún yín pé irú àpò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìgbéyàwó kan rú nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Opó kan wà láàrin wa tí gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá. Agbolé kan lẹ́yìn Ẹnu Ọ̀wá ni ó ń gbé, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń ta èlò ọbẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ó bí. Ọmọ náà kàwé, ó rí iṣẹ́ sí Aberdeen ní orílẹ̀-èdè Skọ́tláńdì, ìlú tí iṣẹ́ epo rọ̀bì inú òkun ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ, tí ìjọ àwọn ará ilé wa sì wà níbẹ̀. Kò fi Olúwa sílẹ̀, kò sì gbàgbé ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó sọ pé òun ti rí aya, ọmọbìnrin onígbàgbọ́ kan tí ó jẹ́ ará ibẹ̀, Màmá jó yí ilé ìsìn ká. Ayọ̀ náà dúró títí di ìgbà tí àwòrán dé.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni àwòrán náà wọ orí fóònù. Ọmọ náà ti lọ wọ aṣọ tí yóò fi ṣe ìgbéyàwó wò ní ṣọ́ọ̀bù. Kóòtù dúdú ni ó wà lókè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣòkòtò ni ó wà nísàlẹ̀, bí kò ṣe aṣọ onílà tí wọ́n ṣẹ́ léraléra, tí ó mọ sí orúnkún. Ní iwájú aṣọ náà gan-an, nísàlẹ̀ ìdodo, àpò awọ kan rọ̀ sórí ṣéènì, irun ẹranko bo ojú rẹ̀, wájawàja mẹ́ta sì ń fì lára rẹ̀.

Màmá kò sùn. Kí aago mẹ́fà òwúrọ̀ tó lù, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

“Pásítọ̀, ẹ gbà mí o. Wọ́n ti mú ọmọ mi wọ awo níbẹ̀. Ẹ wo ìgbàdí tí wọ́n so mọ́ ọn níwájú, wọn ò tiẹ̀ fi aṣọ bò ó!”

Ẹni tí kò bá gbé Ìsàlẹ̀ Èkó rí lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rín. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Nílẹ̀ wa, àpò awọ tí a so mọ́ ìdí ní ìtàn tirẹ̀. Ońdè wà, tí wọ́n fi awọ dì tí wọ́n sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Ìgbàdí wà, tí àwọn ọkùnrin ń so mọ́ ìbàdí lábẹ́ aṣọ. Tírà wà, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí nínú kí wọ́n tó fi awọ bò ó. Làbà náà wà, àpò awọ aláràbarà tí àwọn olùsìn Ṣàngó fi ń kó ẹdùn àrá. Ọkọ Màmá kò gba Jésù kí ó tó kú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ òkú rẹ̀, irú àpò bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tú kúrò ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí Màmá lè sọ wọ́n nù. Ó kó wọn pamọ́ sábẹ́ ibùsùn fún ọdún púpọ̀, títí di ọjọ́ tí ó fi ayé rẹ̀ fún Olúwa, tí a jọ dáná sun wọ́n lẹ́yìn ilé ìsìn. Obìnrin tí ojú rẹ̀ ti rí èyí ni ẹ fi àpò awọ hàn níwájú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ sì ń retí pé kí ó rẹ́rìn-ín!

Ó ní bí ọmọ náà kò bá bọ́ nǹkan yẹn sọnù, òun kò ní ṣe àmín sí ìgbéyàwó náà.

Àwa pẹ̀lú ní láti lọ wádìí, nítorí a kò lè gba obìnrin náà nímọ̀ràn lórí ohun tí a kò mọ̀. Aṣọ náà ni wọ́n ń pè ní kilt, àpò náà sì ni sporran. Ní èdè Gaelic, èdè àwọn ará òkè Skọ́tláńdì, ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí kò ju àpò owó lọ. Kò sí awo kankan nínú rẹ̀. Kilt kò ní àpò. Ọkùnrin tí ó wọ̀ ọ́ kò ní ibi tí yóò fi owó sí, tàbí kọ́kọ́rọ́, tàbí fóònù ní ayé òde òní. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé àpò kọ́ iwájú. Bí ó bá fẹ́ wa ọkọ̀ tàbí kí ó jó, yóò yí i sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Oríṣi rẹ̀ pọ̀: èyí tí ó jẹ́ awọ lásán ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́, èyí tí ó ní irun sì ni ti òde pàtàkì. Àwọn tí ń fọn fèrè alápò nínú ẹgbẹ́ ológun a máa lo èyí tí irun ẹṣin gígùn bò lójú.

Àwọn ará Skọ́tláńdì pẹ̀lú ti jìyà nítorí aṣọ yìí. Ní 1746, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ kan tí ìjọba ṣẹ́gun, wọ́n ṣe òfin tí ó ka aṣọ àwọn ará òkè náà léèwọ̀ fún ọkùnrin, ó sì di 1782 kí wọ́n tó fa òfin náà ya. (Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé ará Skọ́tláńdì, ẹ má ṣe pè é ní ará Gẹ̀ẹ́sì. Kì í dùn mọ́ wọn nínú.)

A sọ gbogbo èyí fún Màmá, ojú rẹ̀ kò yí. A wá rán an létí Bọ́ìsì Brìgéèdì, ẹgbẹ́ tí ó máa ń gbé ìlù àti fèrè kọjá ní ìgboro Èkó, tí ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà èwe. Ní Glasgow, ní Skọ́tláńdì kan náà, ni William Alexander Smith ti dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1883, fún àwọn ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó gbọ́, kò dáhùn. A tún sọ nípa Mary Slessor, míṣọ́nnárì tí ó dé Kàlàbá ní 1876, tí ó gba àwọn ìbejì lọ́wọ́ ikú, tí ó sì sùn nínú Olúwa nílẹ̀ wa ní 1915. Aberdeen gan-an ni wọ́n ti bí i, ní 1848. Níbí ni Màmá ti gbójú sókè.

“Ìlú ìyá ìbejì ni ọmọ mi wà?”

A ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó mi kanlẹ̀, ó sì padà sílé, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ti gbà.

Bí ẹ bá rò pé Màmá nìkan ni ó ní ìṣòro, ẹ kò mọ ìjọ. Alàgbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún gan-an pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé àdúrà. Ó ní kò yẹ kí pásítọ̀ máa gbèjà irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé Pọ́ọ̀lù ti sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà, ní orí karùn-ún ìwé kìíní, pé kí á má ṣe bá ohunkóhun tí ó jọ ibi da nǹkan pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi ẹsẹ̀ kejìlélógún yẹn de ara wọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀ ni eidos. Ó lè jẹ́ ìrísí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ohun tí ó bá a mu jù ni irú tàbí oríṣi: ibi ní gbogbo oríṣi rẹ̀ ni kí a sá fún. Pọ́ọ̀lù kò sọ pé ohunkóhun tí aládùúgbò bá fura sí ti di ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Olúwa wa kì bá tí jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn agbowó òde, nítorí ó jọ ibi lójú àwọn Farisí. A sọ èyí fún alàgbà náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní, “Pásítọ̀, Gíríìkì yín kò sunwọ̀n fún Ìsàlẹ̀ Èkó.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá lára. Pọ́ọ̀lù kan náà ni ó kọ́ wa pé kí a má ṣe fi ìmọ̀ tiwa tẹ ẹ̀rí ọkàn ará wa tí ó jẹ́ aláìlera mọ́lẹ̀. A kò lè fi eidos tu Màmá nínú.

Ọmọkùnrin wa àbíkẹ́yìn, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni ó la ọ̀nà. Ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti inú yàrá. Kí á má purọ́, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ láàrin àwa àti ọmọ yìí nígbà náà. Fóònù rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ó jáde síta ó ní, “Dádì, ṣé a ò lè rán ọ̀kan fún bùrọ̀dá yẹn fúnra wa ni? Kí Màmá máa wò ó bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n á rí i pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.”

A wò ó. A kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń rán awọ. Òun náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ tí Bíbélì sọ pé ó fi awọ ṣe aṣọ ni Ọlọ́run fúnra rẹ̀, nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹta, nígbà tí Ádámù àti Éfà wà ní ìhòòhò. Awọ àgbò tí a pa láró pupa ni wọ́n fi bo àgọ́ àjọ ní aginjù. Inú àpò olùṣọ́-àgùntàn ni Dáfídì kó òkúta márùn-ún sí. Awọ ni Èlíjà àti Jòhánù Onítẹ̀bọmi fi di àmùrè. Nígbà tí ọ̀run sì fẹ́ kí Pétérù mọ̀ pé kò gbọdọ̀ pe ohun tí Ọlọ́run wẹ̀ mọ́ ní àìmọ́, ilé Símónì tí ń ṣe iṣẹ́ awọ ní Jọ́pà ni ó ti rí ìran náà. Iṣẹ́ tí àwọn Júù ń yọ imú sí nítorí òkú ẹran ni iṣẹ́ Símónì yìí. A sọ fún ọmọ náà pé kí ó wọ bàtà, kí á lọ sí Múṣìn.

Ọjà awọ ni Múṣìn. Ibẹ̀ ni àwọn aránbàtà Èkó ti ń ra ohun èlò, láti awọ dé ìtẹ̀lẹ̀ bàtà, dé gọ́ọ̀mù àti ìṣó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú yín dàrú níbẹ̀, nítorí rọ́bà tí a ṣe bí awọ pọ̀ níbẹ̀ ju awọ gidi lọ. Ẹ yí etí rẹ̀ wò: awọ gidi ní fọ́nrán bí irun lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ti rọ́bà, aṣọ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú; imú kì í parọ́ lórí ọ̀rọ̀ awọ. A ra awọ màlúù tí ó nípọn tó mílímítà 2 fún ara àpò, a sì ra awọ ewúrẹ́ pupa kan, fífẹ́lẹ́, tí ó rọ̀ bí aṣọ, fún ìdérí àti wájawàja.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí awọ ewúrẹ́ yìí. Àwọn ewúrẹ́ pupa Sókótó ni awọ wọn dára jù nílẹ̀ wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣòwò fi ràkúnmí gbé irú awọ yìí gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí àríwá, tí àwọn òyìnbó sì ń rà á níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní awọ Mòrókò, wọ́n fi ń di èèpo ẹ̀yìn ìwé, Bíbélì pẹ̀lú. Awọ ewúrẹ́ Sókótó àti Kánò ni púpọ̀ nínú rẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni ó gbà lọ sí ọjà! Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n a rẹ awọ sínú omi eérú kí irun lè ṣí kúrò, wọ́n a fi ọ̀bẹ há a mọ́, lẹ́yìn náà wọ́n a rẹ ẹ́ sínú omi èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa. Omi èso yìí ni kì í jẹ́ kí awọ jẹrà. Láti ara pòròpórò ọkà bàbà kan ni wọ́n ti ń rí aró pupa rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbajúmọ̀ jù, àwọn tí ń ṣe tìmùtìmù tí à ń jókòó lé, tí wọ́n ń ṣe abẹ̀bẹ̀ awọ àti àpò.

Àwa ará Èkó ńkọ́? Àwa ń jẹ awọ tiwa. Ní 2022, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Zaria dábàá pé kí wọ́n ka pọ̀nmọ́ léèwọ̀, nítorí ó ń pa iṣẹ́ awọ lára. Ariwo tí àwọn ènìyàn pa ní Èkó kò kéré. A gbà pé ọkùnrin náà sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó wa kò gbà, òun ni ó sì ń dáná.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí irinṣẹ́ dẹ́rù bà yín. Páálí, rúlà, ọ̀bẹ mímú tí a ń yí abẹ rẹ̀, gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà, òwú ọ̀rá tí ó le, abẹ́rẹ́ méjì tí ẹnu wọn kú, ìṣó kan tí a pọ́n ẹnu rẹ̀ fún lílu ihò, pákó tí a óò máa lu ihò lé, àti àbẹ́là kan. A fi fọ́ọ̀kì ìjẹun kún un. Ẹ óò rí ìwúlò rẹ̀.

Orí páálí ni a ti kọ́kọ́ ya gbogbo rẹ̀. Iwájú àpò jẹ́ ínǹṣì 8 ní ìbú àti 7 ní gíga. A da àwo ìjẹun dé igun rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ láti fi ya ibi tí yóò ti kọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 13, nítorí òun ni yóò ṣẹ́ wá sí iwájú láti di ìdérí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí ó mú kí àpò ní ikùn, jẹ́ ọ̀já awọ tí ó fẹ̀ ní ínǹṣì 2, tí ó gùn ní ínǹṣì 22, kí a lè gé èyí tí ó bá ṣẹ́kù. Ẹ gé páálí, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ wò, ẹ so ó mọ́ ìdí, ẹ jókòó, ẹ dìde. Páálí kò wọ́n. Awọ wọ́n.

Sátidé àkọ́kọ́ ni a gé awọ. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú, kí ó má ṣe kọjú sí ìka. A fi fọ́ọ̀kì tẹ etí awọ lọ gbuurugbu, ojú tí eyín rẹ̀ bá tẹ̀ ni a óò lu ihò sí, gbogbo rẹ̀ á sì jìnnà síra ní ìwọ̀n kan náà. A lu ti iwájú, ó pé ihò 101. Ọmọ wa lu ti ẹ̀gbẹ́, ó jẹ́ 97. A kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí padà. Ibi kọ̀rọ̀ ni ó ti tàn wá jẹ. Odidi ọ̀sán kan lọ lófo. A bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kí á tó mọ̀, àwa náà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀já awọ mìíràn ni a gé. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó lu ihò wọn papọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá aránbàtà kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ìtòsí Òkè Àrín ni ó kọ́ wa ní rírán rẹ̀. Ó wo ohun tí a gbé wá, ó béèrè pé irú bàtà wo ni èyí. Nígbà tí a ṣàlàyé, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ jókòó.” Òwú kan, abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan ní orí òwú kọ̀ọ̀kan. Òwú náà yóò gùn tó ìlọ́po mẹ́rin ibi tí ẹ fẹ́ rán, ẹ ó sì fi àbẹ́là fà á kí ó lè dán, kí omi má sì tètè jẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ ọ̀tún á gba inú ihò kọjá, ti òsì á gba inú ihò kan náà padà, ẹ ó fà á le, ẹ ó bọ́ sí ihò kejì. Bí ọ̀kan já lọ́jọ́ iwájú, èkejì ṣì dì í mú. Rírán ti ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá já níbì kan, ó lè máa tú lọ. Bàbá náà sì kìlọ̀ pé abẹ́rẹ́ kan náà ni kí ó máa ṣáájú ní gbogbo ihò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà rírán á wọ́.

Ọmọ wa gbọ́ ìkìlọ̀. Àwa gbàgbé. Ìdajì tí ọmọ náà rán tọ́ bí ìlà ìwé. Tiwa, ní igun òsì nísàlẹ̀, ibi tí ìpè fóònù ti dá wa dúró, wọ́ bí ipa ọ̀nà èèrà. Bàbá aránbàtà ní kí á tú u. A ní kí ó wà bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú.

Àṣìṣe kan tún wà tí a fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn àpò náà ni a ń rán ìkọ́ awọ méjì sí, tí okùn ìdí yóò gbà kọjá. Àárín ẹ̀yìn ni àwa rán an sí. Nígbà tí ọmọ wa so ó mọ́ ìdí, àpò náà da ojú dé bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì. Òkè pátápátá ni ibùjókòó ìkọ́, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ìdérí ti ṣẹ́. A tú u, a gbé e sókè. Ojú ihò ti àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ títí di òní.

Wájawàja ni ó rọrùn jù. Ẹ gé awọ ewúrẹ́ ní ínǹṣì 3 sí 4, ẹ fi ọ̀bẹ là á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìsàlẹ̀ ṣùgbọ́n kí ó má dé òkè, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí òkè, kí ẹ sì ká a mọ́ okùn awọ. Mẹ́ta ni a ṣe. Ní gbogbo àkókò yìí, Màmá ń wá. A ti ní kí ó máa wá jókòó tì wá, ó sì ń wá, ó ń ṣa ẹ̀fọ́ rẹ̀ lórí àga, kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ wájawàja yìí ni a ka Nọ́ńbà orí kẹẹ̀ẹ́dógún sí i létí, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi wájawàja sí etí aṣọ wọn, kí wọ́n lè máa rí i kí wọ́n sì rántí òfin rẹ̀. Ó ní kí á tún un kà. A tún un kà.

Ó dìde, ó gba àpò náà lọ́wọ́ ọmọ wa. Ó ṣí ìdérí rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé igun, ó fi ìka wá igun kejì. Inú rẹ̀ ṣófo. Ó pẹ́ kí ó tó fa ọwọ́ yọ.

“Àwọn ti bàbá rẹ̀, wọ́n rán ẹnu wọn pa,” ni ohun tí ó sọ. “Èèyàn ò lè wo inú wọn.”

Kò sí ẹni tí ó fèsì. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ó gbé nǹkan kan wá nínú náílọ́ọ̀nù: ìborùn sányán tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó tirẹ̀, etí rẹ̀ kan ti ń gbó. Ó ní àpò tí kò ní aṣọ nínú kò tíì parí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gé e, tí ó sì rán an sínú àpò náà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju tiwa lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un fún àwọn tí ó bá fẹ́ rán irú rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ẹ má ṣe lo awọ ọ̀nì, ti erè tàbí ti ẹran igbó, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó, nítorí òfin àwọn orílẹ̀-èdè lórí irú wọn le, wọ́n sì lè gbà á ní pápá ọkọ̀ òfúrufú. Ní Skọ́tláńdì gan-an, láti 2007 ni ẹni tí sporran rẹ̀ bá jẹ́ awọ àwọn ẹranko tí òfin dáàbò bò ti ní láti gba ìwé àṣẹ. Awọ tútù pẹ̀lú kò ṣeé gbé lọ. Èyí tí a ti ṣe parí ni kí ẹ lò. Nínú òjò Èkó, awọ máa ń bu. Ẹ fi aṣọ òwú wé e, ẹ má ṣe dì í sínú náílọ́ọ̀nù. Ní ti okùn ìdí, ẹ wọn ìdí ẹni náà nígbà tí ó bá wọ kilt rẹ̀. Àwa wọn ti ṣòkòtò, a kò mọ̀ pé odindi kilt a máa gba aṣọ tó yáàdì 8, tí ó sì nípọn ní ìdí. Okùn wa kúrú, ọkọ ìyàwó ní láti fi ṣéènì gùn ún lẹ́yìn. Àpò náà sì gbọ́dọ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ irin bẹ́líìtì ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Arábìnrin kan nínú ìjọ tí ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni ó bá wa gbé e, ó sì fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Ọmọ wa ti tún ra awọ. Àpò Bíbélì ni ó ń rán báyìí, a sì ń bá a lu ihò.

Lọ́jọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé ìgbéyàwó náà, Màmá dé ti òun ti fóònù. Àwòrán tuntun ti wá: ọkọ ìyàwó nínú kilt, aya rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ìdérí pupa àti wájawàja pupa níwájú ọkọ. Alàgbà wa tí kò fẹ́ràn Gíríìkì wà níbẹ̀, ó wò ó, ó ní ó dára, ó sì béèrè bóyá a lè rán èyí tí òun yóò máa fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí. Màmá kò dá a lóhùn. Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà, ó tún fẹ ẹ́, títí ó fi jẹ́ pé àpò nìkan ni ó kù nínú rẹ̀, ó wá na fóònù náà sí wa.

“Pásítọ̀, ibi tí ẹ rán wọ́ yìí,” ni ó wí, “gbogbo Aberdeen ló ti rí i o.”